Ẹsẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò: Bí A Ṣe Ń Kọ́ni ní Tai Chi Létí Ọ̀sà Ìjẹ̀dẹ́

Bí o bá dé etí ọ̀sà ní Ìjẹ̀dẹ́, ní agbègbè Èkó, kí oòrùn tó yọ tán, wo apẹja tó dúró nínú ọkọ̀, tó fẹ́ ju àwọ̀n. Má wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o wò. Ó ya ẹsẹ̀, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó gbé ara lé ẹsẹ̀ kan, ìbàdí yí, apá wá tẹ̀ lé ìbàdí, àwọ̀n sì ṣí sójú omi bí ẹní tí a tẹ́. Bó bá fi agbára apá nìkan jù ú, àwọ̀n ò ní ṣí, ọkọ̀ á sì máa fì. Ẹni tó bá rí èyí dáadáa ti rí ìdajì tai chi, eré ìdárayá àwọn ará Ṣáínà tí a máa ń ṣe jẹ́jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí o ṣe lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti kọ́ àwọn ará àdúgbò, pàápàá àwọn àgbà, ní gbangba ìta.

Abúlé ìdílé Chen ní ìpínlẹ̀ Henan, ní Ṣáínà, ni ọ̀pọ̀ òpìtàn tọ́ka sí pé tai chi ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ọgbọ́n ìjà ni nígbà náà. Ní 1956, ìjọba Ṣáínà mú kí àwọn olùkọ́ gé e kúrú sí ìgbésẹ̀ 24 kí tọmọdé tàgbà lè kọ́ ọ. Ní 2020, UNESCO kà á mọ́ àwọn àṣà tó yẹ kí aráyé pa mọ́. Mọ ìtàn yìí dunjú, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi ọ́ ni pé, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn míì lẹ gbé dé yìí?" Má fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn. Èrò àwọn ọlọ́gbọ́n Ṣáínà àtijọ́ wà nínú orúkọ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí àdúrà tàbí ètùtù nínú ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Eré ìdárayá ni. Fi àkókò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìrun Ṣúbúhì, má sì fi í sí àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, má rọ̀ ọ́.

Wọn á tún bi ọ́ pé kí ni àǹfààní rẹ̀. Ní 2012, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde láti Oregon ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 195 tó ní àrùn Parkinson, èyí tó máa ń mú ara gbọ̀n, ni wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta. Àwọn tó ṣe tai chi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24 dúró gbọn-in ju ẹgbẹ́ méjì yòókù lọ, wọ́n sì ṣubú kéré sí àwọn tó kàn ń na ara. Má ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ẹ ó ti ṣe é ló kàn. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ tàbí lọ́wọ́ baálẹ̀ kí o tó pe ẹnì kan ṣoṣo. Ilẹ̀ títẹ́jú ni kí o wá, kó jìnnà sí èbúté tí èrò ti ń wọkọ̀, kó sì tó ogún ìgbésẹ̀ sí bèbè omi. Òjìji igi máńgòrò tàbí fúrúùtù dára. Abẹ́ àgbọn tó ti so kò dára, nítorí àgbọn kì í kìlọ̀ kó tó já. Fẹsẹ̀ ara rẹ rin gbogbo ibẹ̀, kí o ṣa ìgò fífọ́ àti ìwọ̀ ẹja kúrò. Bàtà pẹlẹbẹ tó di ẹsẹ̀ mú ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Káàkiri ọdún, oòrùn agbègbè Èkó ń yọ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje, nítorí náà, bí aago mẹ́jọ bá ti lù, kí ẹ ti máa parí. Bí àrá bá sán, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti parí nìyẹn: ẹ kúrò létí omi, ẹ kúrò lábẹ́ igi, ẹ wọlé. Nígbà ọyẹ́, kí àwọn tó ní ikọ́ fée dúró sílé lọ́jọ́ tí eruku bá bo ojú ọ̀run.

Bi olúkúlùkù léèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, orúnkún, àti bóyá ó ti ṣubú rí. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìjẹ̀dẹ́ fún ẹni tí kò mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe wà. Gbé àga méjì tó lágbára dání fún ẹni tó bá fẹ́ di nǹkan mú.

Kí ọwọ́ tó gbé rárá, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí o fún wọn: níbo ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá? Ìró wo ló jìnnà jù? Kí ló yàtọ̀ sí ìgbà tó kọjá? Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n rí ní Yorùbá: lékeléke, àwòdì, igi ẹ̀gbà tó ta gbòǹgbò sínú omi. Ibí yìí ni olùkọ́ ti ń di ọmọ ilé ìwé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé, iyọ̀ á pọ̀ nínú ọ̀sà. Bí òjò bá ti wá rọ̀ dáadáa, omi odò á lé iyọ̀ náà padà, ewé olódòdó àlùkò tó ń léfòó á sì bo ojú omi. Màmá tó ti ń ra ẹja láti ogún ọdún mọ ẹja tó ń bá omi kọ̀ọ̀kan wá. Bi wọ́n, kí o sì fetí sílẹ̀. Bí ìró ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ẹgbin bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ kà á mọ́ ohun tí ẹ gbọ́. Omi ọ̀sà yìí kan náà ló ń fi tu ẹ̀rọ rẹ̀ lára.

Ìdúró ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì ya tó èjìká, kí ìka ẹsẹ̀ kọjú síwájú, kí orúnkún rọ̀ láìkọjá ìka ẹsẹ̀. Kí èjìká sọ̀kalẹ̀, kí orí dúró bíi ti ẹni tó ru igbá omi tí kò fẹ́ kó dà. Kí wọ́n mí bí ara ṣe fẹ́ mí.

Ìkejì, ẹ máa gbé ara láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Sọ fún wọn pé omi ni wọ́n ń dà láti inú agbè kan sínú èkejì: ẹsẹ̀ kan kún, èkejì ṣófo. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ó lọ́ra débi pé ẹni tó ń wò yín láti ọ̀nà jíjìn kò ní mọ̀ pé ẹ ń mira. Má kánjú kúrò níbí. Mo ti rí olùkọ́ tó kọ́ni ní ìgbésẹ̀ mẹ́jọ lọ́jọ́ kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tó rántí ẹyọ kan. Mẹ́ta lóṣù kan tó.

Ìkẹta ni èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní ọwọ́ bí ìkùukùu. Ọwọ́ ọ̀tún wà níwájú ojú, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ọ. Ọwọ́ òsì wà nísàlẹ̀ ìdodo. Gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ìbàdí yí sí ọ̀tún, kí ọwọ́ méjèèjì bá a lọ. Tó bá dé ìparí, ọwọ́ á pààrọ̀: tòkè á sọ̀kalẹ̀, tìsàlẹ̀ á gòkè. Wá gbé ara padà sí òsì. Ọ̀pọ̀ ló máa kàn máa ju apá kiri. Ní kí wọ́n ká apá sáyà, kí wọ́n fi ìbàdí nìkan yí, kí wọ́n sì rántí apẹja àárọ̀ yẹn. Bí ìbàdí bá ti mọ ọ̀nà, tú ọwọ́ sílẹ̀. Orúnkún kò gbọ́dọ̀ lọ́. Bí ó bá ń dùn wọ́n, kí wọ́n jókòó sórí àga kí wọ́n ṣe é.

Kẹ́yìn sí wọn nígbà tí ẹ bá ń yí, kí ọ̀tún rẹ lè jẹ́ ọ̀tún wọn, má sì jẹ́ kí wọ́n kọjú sóòrùn. Bí àgbàlagbà bá ṣi í ṣe, má nàka sí wọn. Sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe," kí o ṣe é fún gbogbo ẹgbẹ́. Bí ó bá di dandan kí o fọwọ́ kàn wọ́n, kọ́kọ́ tọrọ: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fọwọ́ kan èjìká yín?"

Kí ẹ tó tú ká, ẹ tún dúró, kí o tún béèrè ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Afẹ́fẹ́ lè ti yí, apẹja lè ti wọlé. Kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, nítorí òun ni wàá kọ́kọ́ kà fún wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mu omi, ẹ ṣa ọ̀rá àti ike tó wà nílẹ̀, ẹ máa lọ.