Ẹ̀rù, Ẹrù, Ẹrú: Ohun Tí Áàpù Kọ́míìkì Kọ́ Mi Nípa Àmì Ohùn

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo wà nílé ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, mo ń ṣe áàpù kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le: ó to àwọn ẹ̀dá ìtàn inú kọ́míìkì jọ, ẹni tó bá ń lò ó lè máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tẹ àmì ọkàn lára èyí tó bá wù ú, áàpù yóò sì fi í pamọ́ fún un. Mo kọ́kọ́ kó ti Amẹ́ríkà sí i, lẹ́yìn náà ni mo kó tiwa sí i. Níwọ̀n bí mo ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè, mo fi àmì ohùn sórí gbogbo orúkọ Yorùbá, inú mi sì dùn.

Àbúrò mi gba fóònù náà. Ó tẹ “batman”, ó rí i. Ó tẹ “eru”, kò sí. Ó tẹ “ireti”, kò sí. Ó tẹ “iyanu”, ìyẹn náà kò sí. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò kó tiwa síbẹ̀ ni?” Mo kó wọn síbẹ̀. Àwọn tí mo fara balẹ̀ kọ jù lọ gan-an ni kò ṣeé rí. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, nítorí ìmọ̀ tiwa ló wà nídìí rẹ̀.

Kí ni kọ̀ǹpútà ń rí?

Kọ̀ǹpútà kò mọ ohùn, nọ́ńbà ló mọ̀. Ètò tí wọ́n ń pè ní Unicode ló fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà “e” ni U+0065, ti “è” ni U+00E8. Lójú tiwa, fáwẹ̀lì kan náà ni wọ́n, ohùn ló yàtọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kò bára tan ju “a” àti “b” lọ. Ìdí nìyí tí “ireti” kò fi rí “Ìrètí”.

Èyí tó tún le ni pé “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀ (U+1EB9), ṣùgbọ́n “ẹ̀” kò ní. Nọ́ńbà méjì la gbọ́dọ̀ so pọ̀ kí ó tó jáde. Ẹ jẹ́ ká mú “Ọ̀” tó bẹ̀rẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà láti tẹ̀ ẹ́:

1. Ọ (U+1ECC), ká fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ (U+0300) lé e.
2. Ò (U+00D2), ká fi àmì abẹ́ lẹ́tà (U+0323) sí i.
3. O lásán, àmì abẹ́ lẹ́tà, lẹ́yìn náà àmì ohùn.
4. O lásán, àmì ohùn, lẹ́yìn náà àmì abẹ́ lẹ́tà.

Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan bá fi ọ̀nà kìíní tẹ orúkọ, tí ẹlòmíràn fi ọ̀nà kẹrin wá a, wọn kò ní pàdé. Ohun tó mú kí “Ẹ̀rù” jókòó lẹ́ẹ̀mejì nínú àwọn ààyò àbúrò mi nìyẹn: mo tẹ ọ̀kan lórí fóònù, mo tẹ èkejì lórí kọ̀ǹpútà.

Unicode gbà pé ọ̀kan náà ni ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ní ìlànà tó ń sọ wọ́n di ẹyọ kan, tí à ń pè ní NFC. Nínú JavaScript, normalize("NFC") ló ń ṣe é. Ẹ lò ó sórí orúkọ tí ẹ fi pamọ́, ẹ tún lò ó sórí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá tẹ̀ láti fi wá nǹkan. Ẹ kíyè sí ọ̀kan o: àwọn kan máa ń fi ìlà kékeré tó dúró gbọọrọ (U+0329) sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì roboto. Unicode kò ka èyí mọ́ àwọn yòókù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá sì di ti ààyò, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀dá ìtàn ni kí ẹ fi pamọ́, kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Ṣé ká kúkú yọ àmì dànù?

Ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ gbà nìyẹn: “Yọ gbogbo àmì yẹn kúrò, wàhálà tán.” Lóòótọ́, “eru” yóò rí nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ni yóò rí? Ẹ̀rù tó ń ba ènìyàn, ẹrù tí a rù, ẹrú tí a rà, èrú tí oníjìbìtì ń ṣe: gbogbo wọn di “eru”.

Àwọn tó ń tẹ kọ́míìkì wa kì í sábà fi àmì sórí orúkọ, nítorí náà ìtàn ló ń sọ ohùn fún wa. Comic Republic, tí Jide Martin dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2013, ní ẹ̀dá ìtàn kan tó ń jẹ́ Eru. Olùkọ́ yunifásítì ni lójú ayé, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni agbára rẹ̀. Ẹ̀rù ni, kì í ṣe ẹrù. Aje tiwọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ní agbára àjẹ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní Ajé ti sọ ọ́ di ọrọ̀. Iyanu tí Roye Okupe kọ, tí Dark Horse bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 2021, tó sì di eré orí tẹlifíṣàn ní 2025, kò ṣòro: ìyanu ni, láti inú ya ẹnu. Wale Williams tí Okupe kan náà kọ ń padà sílé lẹ́yìn ọdún márùn-ún nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀. Wá ilé ló di Wálé.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìkánjú fi àmì sí ohun tí kì í ṣe tiwa. Storm ti Marvel, tó kọ́kọ́ jáde ní 1975, ń jẹ́ Ororo. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní òróró ni. Ọmọ Kẹ́ńyà ni ìyá rẹ̀ nínú ìtàn, orúkọ náà kì í ṣe Yorùbá. Nítorí náà, mo fi èdè orúkọ kọ̀ọ̀kan kún àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ojútùú: ipele mẹ́ta

Orúkọ tí a kọ pé ni kí áàpù máa fi hàn nígbà gbogbo: Ẹ̀rù. Lábẹ́lẹ̀, kí ó ní ẹ̀dà méjì mìíràn fún wíwá. Èkíní, ká yọ ohùn, ká fi àmì abẹ́ lẹ́tà sílẹ̀: ẹru. Èkejì, ká yọ méjèèjì: eru. Bí ẹnì kan bá tẹ orúkọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, èyí tó bá a mu régí ni yóò kọ́kọ́ jáde. Bí fóònù rẹ̀ kò bá ní àmì, kò ní padà lọ́wọ́ òfo.

Ìdí tí mo fi ya ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára àmì abẹ́ lẹ́tà ni pé “ẹ” kì í ṣe “e” tó wọ bàtà. Lẹ́tà ni, ọ̀kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a ní. Bí ẹ bá ń to orúkọ, e ló ṣáájú ẹ, g ló ṣáájú gb.

Ohun tí àwọn onílù mọ̀

Ìlú wa náà ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kọ “Erin” láìsí àmì, àlejò yóò ní ìlú erin ni. Bẹ́ẹ̀ ìlú onílù bàtá ni Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, àwọn onílù wa sì ti ń kojú ìṣòro yìí láti ọjọ́ pípẹ́, láti òdì kejì. Ìlù ń mú ohùn, ó ń fi ọ̀pọ̀ lẹ́tà sílẹ̀. Áàpù mi ń mú lẹ́tà, ó ń fi ohùn sílẹ̀. Bàtá tún ní ẹnà tirẹ̀, tí Amanda Villepastour kọ́ lọ́dọ̀ Rábíù Àyándòkun, ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tó sì fi kọ ìwé kan tó jáde ní 2010.

Onílù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè rú olùgbọ́ lójú, ìyẹn ni kì í fi í pe ọ̀rọ̀ náà lásán. Yóò fi oríkì tì í lẹ́yìn títí yóò fi yé olùgbọ́. Èyí ni mo yá lò. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo kọ ìlà kan: “Ẹ̀rù: olùkọ́ tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìbẹ̀rù.”

Àbúrò mi tún tẹ “eru”. Ó rí i. Ó wo àmì orí rẹ̀ díẹ̀, ó rọra kà á sókè, ó ní, “Áà, ẹ̀rù ni! Mo ti ń pè é ní ẹrú látijọ́ yìí.”

Ìdánrawò

1. Kọ “Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun” ní ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a sọ lókè yìí.
2. To àwọn orúkọ yìí bí álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ṣe lọ: Ọlá, Gbadé, Ẹ̀rù, Òjó, Ewé, Gànìyù.
3. Wá ẹ̀dá ìtàn kọ́míìkì kan tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí kò ní àmì. Fi àmì sí i, kí o sì sọ ohun tó wà nínú ìtàn náà tó fún ọ ní ẹ̀rí.