Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Ọkọ̀ Tí Ó Ń Mu E85

Brooklyn Park, Minnesota

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

  Mo mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn tó bó ṣe yẹ.

Ìyá rẹ pè mí láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní E85 lo ń rà sínú Chevrolet tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, pé wọ́n ní epo olọ́tí ni, kí n tètè bá ọ sọ̀rọ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Mi ò bá a wí. Ohun tí ojú wọ́n rí ní Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 2022 ló ń bà á lẹ́rù, nígbà tí bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ wọ ìlú, tí ìjọba ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, tí àwọn ènìyàn sì ń tò sílé epo láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ti ṣàlàyé fún un pé ohun tí ò ń rà ní Des Moines yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ni tìrẹ, irú ọtí tó wà nínú ògógóró gan-an, àgbàdo ni wọ́n sì fi ń ṣe é ní Iowa tí o wà yẹn, ìpínlẹ̀ tó ń pèsè rẹ̀ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Májèlé ni mẹ́tánọ́ọ̀lù, ó sì máa ń jẹ irin ju ẹ́tánọ́ọ̀lù lọ.

Ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe fún ẹ́tánọ́ọ̀lù kì í tìtorí rẹ̀ kú. Láti 1979 tí Fiat 147 ti jáde ní Brazil làwọn ará ibẹ̀ ti ń fi ọtí ìrèké wa ọkọ̀, nígbà tó sì di 2003, Volkswagen gbé Gol Total Flex jáde, èyí tó ń mu ọtí, tó ń mu bẹntiróòlù, tó sì ń mu àdàpọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí epo ọkọ̀ padà gbọ́dọ̀ tọ́jú ọ̀nà tí epo ń gbà, láti inú táńkì títí dé ẹnu nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni ìtọ́jú yẹn ṣe kókó jù. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn.

Kọ́kọ́ jẹ́ kó dá ọ lójú pé ọkọ̀ flex ni. Wo ìdérí ẹnu táńkì bóyá ó ní àwọ̀ ìyeyè, wo ẹ̀yìn ọkọ̀ bóyá wọ́n kọ FlexFuel sí i, kí o sì ka ìwé ọkọ̀ náà. Bí o bá rí i, ọkàn rẹ balẹ̀. Camry ọkọ rẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ má da E85 sínú rẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ dín kù tó. Bẹntiróòlù máa ń fẹ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí ìwọ̀n epo kan kó tó jó dáadáa, ṣùgbọ́n nǹkan bí 9.8 ni E85 ń fẹ́. Kọ̀ǹpútà Camry kò lè da epo tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ wọlé. Ẹ́ńjìnnì á máa jó láìní epo tó, iná "check engine" á tàn, wọn yóò sì rí kóòdù P0171 níbẹ̀. Àwọn ohun èlò tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn lè sọ ọkọ̀kọ́kọ̀ di flex náà ńkọ́? Èyí tí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò àyíká, kò bá fọwọ́ sí, òfin kò gbà á láàyè, ẹ má dá a láṣà.

Tìrẹ wá kù. Bẹntiróòlù lásán ni ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ fi wà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣeé ṣe kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti dì mọ́ ara táńkì àti inú páìpù. Ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń yọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìwà rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ha ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ tó ti jóná tí kò sì da ọbẹ̀ inú rẹ̀ nù: gbogbo èérún tó ha ni yóò bá ọbẹ̀ lọ. Fílítà ni èérún tirẹ̀ yóò bá. Nítorí náà, bí o bá ti jó E85 bíi táńkì méjì tàbí mẹ́ta, mú ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó pààrọ̀ fílítà epo. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, inú táńkì ni fílítà wà pẹ̀lú pọ́ǹpù, nítorí náà iṣẹ́ náà lè gbówó lórí díẹ̀. San án. Fílítà tó bá dí máa ń jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó títí yóò fi jóná, owó pọ́ǹpù sì ju owó fílítà lọ fíìfíì.

Bí o kò bá tíì ráyè lọ, máa fetí sí ọkọ̀ náà. Bó bá ń pẹ́ kó tó ṣíná, tó ń lọ́ra nígbà tí o bá tẹ iná mọ́ ọn lórí òkè, tàbí tí o ń gbọ́ ìró bíi ti ẹ̀fọn láti abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, fílítà ń dí nìyẹn. Má sì jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ ju ìdá mẹ́rin táńkì lọ, torí epo tó yí pọ́ǹpù ká ló ń mú kó tutù.

Ní ti rọ́bà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Àwọn họ́ọ̀sì àti òrùka rọ́bà tí wọ́n fi sí ọkọ̀ flex láti ilé iṣẹ́ lè gba ọtí. Èyí tí ẹnikẹ́ni bá fi rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn náà ni kó o ṣọ́. Rọ́bà tí kò yẹ máa ń wú, á le, á sì sán. Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ pààrọ̀ pọ́ǹpù, nọ́sù tàbí họ́ọ̀sì, sọ fún un kó tó ra nǹkan pé ọkọ̀ E85 ni, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ara ìwé owó. Bí o bá sì gbọ́ òórùn epo nínú gáràjì, má dúró dọ̀la.

Ohun kan wà tó kan irú iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Ìyá rẹ ní ilé ìwòsàn kò jìnnà sí ilé yín, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Nígbà tí o bá ra epo tó yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú táńkì, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rin máìlì mélòó kan kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó mọ iye ọtí tó wà nínú àdàpọ̀ tuntun náà. Bí o bá ra epo tán tí o wá pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ síwájú ilé ìwòsàn, ó lè ṣòro ṣí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, pàápàá nínú yìnyín. Ra epo nígbà tí o bá ń lọ sọ́jà tàbí sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó lè rìn dáadáa kó tó sinmi.

Ìrìn kúkúrú yẹn tún ń ba ọ́yìlì jẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, díẹ̀ nínú epo àti omi máa ń ṣàn wọ inú ọ́yìlì, bí ọ́yìlì kò bá sì gbóná tó, ibẹ̀ ni wọ́n máa wà. Ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń hó ní 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà ìrìn gígùn yóò lé e jáde. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, gbé ọkọ̀ náà gba I-35 fún ìdajì wákàtí. Ṣí ìdérí ọ́yìlì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan; bí o bá rí ohun funfun bíi ògì lábẹ́ rẹ̀, omi ti wọ̀ ọ́. Àkókò tí ìwé ọkọ̀ kọ fún iṣẹ́ líle ni kó o máa fi pààrọ̀ ọ́yìlì, kì í ṣe èyí tó gùn jù.

O tún máa ń lọ sílé ní oṣù Kejìlá, ọkọ̀ á sì dúró láìrìn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bó bá pọ̀ nínú epo, ó lè gbé omi náà mọ́ra láìyapa. Ṣùgbọ́n bí o bá wá da bẹntiróòlù tó pọ̀ lé E85 tó ti fa omi, ọtí tó kù kò ní lè gbé omi yẹn mọ́, á já sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì, ibẹ̀ gan-an sì ni pọ́ǹpù ti ń fa epo. Nítorí náà má ṣe é lẹ́yìn tí o bá dé. Kó o tó rìnrìn àjò ni kó o jó E85 náà dé ìdá mẹ́rin, kó o fi bẹntiróòlù tuntun kún táńkì títí dé ẹnu, kó o sì wa ọkọ̀ bí ogún máìlì kí epo tuntun náà lè dé nọ́sù. Àwọn ìgò kékeré tí wọ́n ń tà nílé epo pé àwọn ń lé omi lọ, mẹ́tánọ́ọ̀lù ló wà nínú òmíràn nínú wọn. Má rà wọ́n.

Ní ti owó, mo mọ̀ pé òun ló jẹ́ kó o yí padà. Ẹ́tánọ́ọ̀lù inú E85 máa ń wà láàárín 51 sí 83 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì máa ń dín kù nígbà òtútù kí ọkọ̀ lè ṣí. Agbára rẹ̀ kò tó ti bẹntiróòlù, nítorí náà máìlì tí ọkọ̀ ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan yóò fi nǹkan bí 15 sí 27 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Bí bẹntiróòlù bá jẹ́ dọ́là mẹ́ta, tí E85 kò sì dín sí dọ́là méjì àti sẹ́ńtì márùndínlọ́gbọ̀n, èrè rẹ̀ kò dá ọ lójú. Lọ́jọ́ tó bá rí bẹ́ẹ̀, ra bẹntiróòlù. Ọkọ̀ rẹ lè mu méjèèjì.

Sọ fún ọkọ rẹ pé kó má gbìyànjú láti da epo inú táńkì nù fúnra rẹ̀ nínú gáràjì. Iná ẹ́tánọ́ọ̀lù kì í hàn dáadáa lójú ọ̀sán, ó lè ti mú ènìyàn kí ó tó rí i.

Pe mẹkáníìkì lọ́sẹ̀ yìí fún fílítà náà, kí òtútù tó le. Bó bá pe iye owó tí kò yé ọ, fún un ní nọ́ńbà mi, kí n bá a sọ̀rọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Bàbá Minnesota