Kí Ẹ Tó Ya Fọ́tò Lórí Afárá Kwai

Ẹni tó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá gbọ́ pé ẹnìkan ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ gbafẹ́ ní Kanchanaburi, ìpínlẹ̀ kan ní Thailand, nǹkan bíi kìlómítà 130 sí ìwọ̀-oòrùn Bangkok. Odò Khwae Yai àti Khwae Noi pàdé nínú ìlú náà, wọ́n sì di odò Mae Klong. Òkè pọ̀ níbẹ̀, igbó pọ̀, omi tútù ń já láti orí àpáta. Òkú náà sì pọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn, ìdí rèé tí àlejò fi gbọ́dọ̀ mọ irú ojú tí yóò fi wò ó.

Afárá Kwai ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ wò. Fíìmù tí David Lean ṣe lọ́dún 1957 ló sọ ọ́ di olókìkí, bẹ́ẹ̀ Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí, ni wọ́n ti ya fíìmù náà. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó dé, tó dúró lórí irin, tó ya fọ́tò, tó sì padà sí Bangkok lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kò tíì dé Kanchanaburi lójú tèmi.

Ẹ má ti ibi afárá bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yà sí Thailand–Burma Railway Centre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itẹ́ òkú àwọn ológun. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1942, ọmọ ogun Japan ń wá ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà kó oúnjẹ àti ohun ìjà lọ fún àwọn ènìyàn wọn ní Burma (Bóma), nítorí ojú òkun ti ń léwu fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwéè tí afárá náà wà lórí rẹ̀, tó gùn ní kìlómítà 415 láàárín òkè àti igbó, láti ìhà méjèèjì, ó sì pàdé ní October 1943. Ẹlẹ́wọ̀n ogun tó lé ní 60,000 ni wọ́n kó sídìí iṣẹ́ náà, ará Britain, ará Australia, ará Netherlands àti ará Amẹ́ríkà. Nǹkan bíi 12,000 nínú wọn ló kú. Ebi pa wọ́n, ibà pa wọ́n, onígbáméjì pa wọ́n, egbò sì jẹ ẹsẹ̀ àwọn mìíràn dé eegun.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ inú itẹ́ òkú. Ibojì tó sún mọ́ 7,000 ló wà níbẹ̀, lórí ìlà tó gún régé, òdòdó láàárín wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ ka àkọlé ara wọn: orúkọ, ẹgbẹ́ ogun, ọjọ́ ikú, ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nígbà náà ni kí ẹ wá bi ara yín léèrè pé, àwọn tó kù dà? Àwọn ará Tamil láti Malaya, àwọn ará Burma, Malay àti Java, tí wọ́n fi owó tàn tàbí tí wọ́n fipá kó, pọ̀ ju àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun lọ fíìfíì. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nǹkan bíi 90,000 nínú wọn ló ṣòfò. Wọn kò ní dókítà, kò sí ọ̀gá ológun tó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọn kò sì ní ìlà nínú itẹ́ òkú yìí. Ó dùn mí gan-an pé àwọn tó kú jù ni àlejò mọ̀ kéré jù. Ẹ dárúkọ wọn fún àwọn ọmọ tí ẹ bá mú dání.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Àwọn ọmọ ogun Japan tí rélùwéè yẹn ń bọ́ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ bá jà ní Bóma, nínú ẹgbẹ́ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti èkejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà nínú wọn. Ọta bà á ní àfonífojì Kaladan lọ́dún 1944, àwọn ará abúlé sì fi í pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù títí ogun fi kọjá lórí rẹ̀. Bí ọmọdé kò bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín bóyá ẹnìkan nínú ẹbí lọ sí Bóma, kí ẹ sì wo inú àpótí àtijọ́ fún fọ́tò tàbí ìwé ìjáde ológun. Ẹ má wá ibojì rẹ̀ ní Kanchanaburi o. Taukkyan, nítòsí Yangon, ni orúkọ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a kò rí òkú wọn wà lára ògiri ìrántí.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Nam Tok, kí ẹ jókòó sọ́wọ́ òsì. Ní Tham Krasae, ọkọ̀ á máa rá pálá lórí afárá onígi tó lẹ̀ mọ́ ara àpáta, odò á sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín. Láti Nam Tok, ẹ wá mọ́tò dé Hellfire Pass, àpáta tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n là kí rélùwéè náà lè kọjá. Ìjọba Australia ló kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, wọn kì í gbowó ìwọlé. Ẹ gba ohun ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ń fi sétí, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àtẹ̀gùn náà pọ̀. Bí ẹ bá dé àárín àpáta tí wọ́n là, ẹ fi ọwọ́ kan ara rẹ̀. Ẹ óò rí ihò róbótó tó gùn wọnú òkúta: ẹnìkan á di ọ̀pá irin mú, á máa yí i, ẹnìkejì á máa fi òòlù lù ú. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ìgbà òjò 1943 ni wọ́n ṣe é, lọ́sàn-án àti lóru, pẹ̀lú iná tí wọ́n dá kí wọ́n lè ríran. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé orin sókè níbẹ̀.

November sí February ló dára jù fún ìrìn-àjò yìí, oòrùn March sí May kò ṣeé bá ṣeré. Ẹ gba físà ṣáájú, ẹ má sì gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Nínú tẹ́ńpìlì, ẹ bọ́ bàtà, ẹ bo èjìká àti orúnkún. Ẹ má fọwọ́ kan ènìyàn lórí, ọmọdé pàápàá. Àwa tí a ń bọ orí kò ní ṣàìmọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ ìkẹyìn ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún Erawan, omi tó ń já láti orí àpáta. Bíi Olúmirìn wa ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele méje ni omi náà ní, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tí wọ́n là lómi, ẹja kéékèèké inú rẹ̀ á sì máa tọ́ yín lẹ́sẹ̀ wò. Ẹ wẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, nítorí wọ́n máa ń ti ìpele òkè ní ọ̀sán. Ẹ má gbé oúnjẹ kọjá ìpele kejì, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kò sì ní gbà á lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ bi dẹ́rẹ́bà ní aago tí èyí tó kẹ́yìn máa padà sí ìlú.