Ẹ Ka Àdírẹ́sì Kí Ẹ Tó Fàyè Gba JavaScript

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìgbájọ, ẹ fetí sílẹ̀. Ọmọ tó ní kí ẹ bá òun wo JAMB CAPS ti kó ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Òbí tó wá wo èsì WAEC ọmọ rẹ̀ kò mọ ohun tó ń lọ nínú búráúsà; ẹ̀yin ló gbójú lé.

Ọ̀kan lára ohun tó ń lọ níbẹ̀ ni JavaScript, àṣẹ tí sáìtì ń fi ránṣẹ́ sínú búráúsà, tí búráúsà á sì mú ṣẹ lójú ẹsẹ̀. Brendan Eich ló ṣe é ní Netscape lọ́dún 1995. Lórí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù, òun ló ń mú kí ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró yọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí ẹ bá tì í, ojú ibẹ̀ á ṣófo. Ibẹ̀ ni ara ti ń kán ọ̀pọ̀ yín: ẹ óò ṣí i fún gbogbo sáìtì ayé, oníbàárà á lọ, ẹ ò sì ní dá a padà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà tí tajá tẹran ń lò, ẹ tì í, kí ẹ máa ṣí i fún sáìtì kọ̀ọ̀kan. Nínú Chrome, ẹ lọ sí Settings, Privacy and security, Site settings, kí ẹ tẹ JavaScript. Ẹ ní kí sáìtì má lò ó, kí ẹ wá fi àdírẹ́sì tí ẹ fọkàn tán sábẹ́ àwọn tó gbàṣẹ. [*.]jamb.gov.ng kó gbogbo ẹ̀ka JAMB pọ̀. Ẹni tó ń lo Firefox, kó fi àfikún NoScript sí i, iṣẹ́ Giorgio Maone láti 2005. Ó ń to orúkọ gbogbo ibi tí skíríìptì, ìyẹn àṣẹ JavaScript, ti ń wá. Ẹ kọ́kọ́ gba ti ẹni tó ni sáìtì láyè. Bí iṣẹ́ bá ti lọ, ẹ má kan òmíràn. Àyè ìgbà díẹ̀ ni kí ẹ fún un, èyí tó ń dópin bí ẹ bá ti pa Firefox.

Ta wá ni ẹni tó ṣeé fọkàn tán? Ẹ máa ka àdírẹ́sì láti ẹ̀yìn bọ̀, láti ibi ìlà dídagun (/) àkọ́kọ́ lẹ́yìn orúkọ sáìtì. Bí .com bá tún wà lẹ́yìn jamb.gov.ng, ẹlòmíràn ló ni ín. Ìjọba nìkan ni .gov.ng wà fún, ṣùgbọ́n waecdirect.org ni WAEC ń lò fún èsì. Nítorí náà, ẹ wo àdírẹ́sì lára káàdì tàbí ìwé àjọ náà, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ má gba ti líǹkì WhatsApp. Àmì àgádágodo kò sọ pé olóòótọ́ ló wà lódì kejì. Ó kàn ń sọ pé ọ̀rọ̀ yín bò lójú ọ̀nà ni.

Sáìtì gidi pàápàá lè bàjẹ́. Lọ́dún 2018, àwọn ọ̀daràn yí skíríìptì kan padà lórí sáìtì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú British Airways, wọ́n sì ń jí nọ́ńbà káàdì àwọn oníbàárà. Lọ́dún 2020, àjọ ICO ní Britain bu owó ìtanràn 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lé ilé iṣẹ́ náà. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ gba àyè náà padà, kí ẹ sì máa fi ẹ̀dà tuntun búráúsà sí kọ̀ǹpútà yín.

Bí ẹ ò bá mọ ẹni tó ni àdírẹ́sì, ẹ sọ fún oníbàárà pé ẹ ò ní ṣe é. Owó ọjọ́ kan ni ẹ óò pàdánù; orúkọ yín ò ní bàjẹ́ nílùú.