Aago Tó Ń Sọ Àsọtẹ́lẹ̀

Olóòtú ètò eré ìdárayá kan lórí rédíò ní aago ọwọ́ àwọn sárésáré òde òní “ń sọ àsọtẹ́lẹ̀” bí ọkàn wọn yóò ṣe máa lù tí wọ́n bá ń sáré. Ó tún un sọ, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ìjọ wo ni aago yìí ń lọ ná?

Látìgbà tí Bíbélì ti gbé àsọtẹ́lẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ wòlíì ló dà. Ẹ wo ohun tó máa ń tẹ̀ lé e: àsọtẹ́lẹ̀ a ṣẹ, tàbí kó má ṣẹ. Èwo ló ṣẹ díẹ̀ ku díẹ̀ rí?

Iṣẹ́ aago kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tó lókìkí jù láàárín àwọn sárésáré, tó ti ń jà ràn-ìn láti ọdún 1971, ni pé kí a yọ ọjọ́ orí ẹni kúrò nínú 220. Iye tó kù ni ọkàn lè lù jù láàárín ìṣẹ́jú kan. Lọ́dún 2001, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Tanaka àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí a fi 0.7 sọ ọjọ́ orí di púpọ̀ (ìsọdipúpọ̀ tó ń sọ nǹkan di kékeré!), ká wá yọ ọ́ kúrò nínú 208. Ẹni ọdún 40, 180 ni méjèèjì fún un. Ẹni ọdún 60, ọ̀kan ní 160, èkejì ní 166. Ta ni wòlíì èké? Kò sí. Ọkàn ẹnì kan sì lè fi mẹ́wàá lé ohun tí ìṣirò sọ, kí ti ẹnì kejì fi mẹ́wàá dín.

Ó lé, ó dín: ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn ló ń bá ìyẹn rìn. Fojú bù. Lójú tèmi, bù yìí náà ni ti bu gàárì, bu omi; kí ohùn tó yí padà ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ má tàn yín. Ìyá alátẹ tó bu gàárì láìlo kóńgò mọ̀ pé ó lè dín. Á tún un wò, á bu díẹ̀ kún un. Aago náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ki eré mọ́lẹ̀ lójijì, ọkàn kì í bá a lẹ́sẹ̀kan náà. Ó lè gbà á tó ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Nínú ooru Èkó, òógùn ń gbẹ omi ara, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan ń dín kù, á wá máa yára lù sí i bí eré ò tilẹ̀ le sí i. Gbogbo èyí ni aago gbọ́dọ̀ máa rò pọ̀ bí kìlómítà ṣe ń lọ. Ojú gan-an ló sì ń lò: iná aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló fi ń wo ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ.

Ẹni tó bá ní fojú bù jọ ọ̀rọ̀ ọjà, ìfojúdíwọ̀n wà ńlẹ̀ fún un, kó wọ̀ ọ́ lọ sí yunifásítì.

Ní ti ojú ọjọ́, mo ti túúbá. Àsọtẹ́lẹ̀ ti jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò lé e dìde. Ti bọ́ọ̀lù náà, ẹ máa mú un lọ. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ kúkú ń gbààwẹ̀ sí i. Ti ọkàn ni n ò tíì fi sílẹ̀.