Ìpara Tó Yẹ Síìtì Awọ: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Wa Mọ́tò ní Ìlú Bìní

Ẹ gbé Lexus tàbí Camry tòkúnbọ̀ tó ní síìtì awọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ní Ugbowo tàbí ní Sapele Road, kò ní pẹ́ tí ọmọ tó ń fọ̀ ọ́ á fi bi yín bóyá kí òun fi nǹkan pa síìtì kó lè máa dán. Ẹ ní kó fi í sílẹ̀. Síìtì awọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kì í kọ mànà, kì í sì í yọ̀. Ohun tó ń dán lórí rẹ̀, epo tàbí silicone ni, eruku pupa ìlú yìí ni yóò sì kọ́kọ́ wá lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìpara tó dára wà lọ́jà, àmọ́ èyí tó yẹ síìtì ẹlòmíràn lè má yẹ tiyín. Nítorí náà, ara síìtì ni kí yíyàn ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó wo ìgò kankan.

Ẹ mọ ohun tí ẹ jókòó lé

Kì í ṣe gbogbo síìtì tó jọ awọ ni wọ́n fi awọ ṣe. NuLuxe ti Lexus, SofTex ti Toyota, MB-Tex àti ARTICO ti Mercedes-Benz, Sensatec ti BMW, rọ́bà tí wọ́n ṣe kó jọ awọ ni gbogbo wọn. Kódà nínú mọ́tò tí wọ́n polówó pé awọ gidi ló wà níbẹ̀, ó wọ́pọ̀ pé ibi tí ìdí àti ẹ̀yìn ń kàn nìkan ni awọ wà. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ síìtì àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìpara awọ kì í wọ inú rọ́bà. Aṣọ tó rin díẹ̀ àti ọṣẹ tí kò le ti tó irú síìtì bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi owó ìpara ra epo sínú mọ́tò.

Bí àwọn tó ń rán síìtì bá ti pààrọ̀ rẹ̀ kí mọ́tò tó dé ọwọ́ yín, ohun tí ìwé mọ́tò sọ kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Ẹ wo abẹ́ síìtì, níbi tí etí rẹ̀ ti ká wọlé. Bí òdì rẹ̀ bá ní ìhun aṣọ, rọ́bà ni. Bí ó bá jẹ́ fọ́nrán wẹ́wẹ́ tó lọ́ mọ́ra wọn, awọ ni.

Bí ó bá jẹ́ awọ, ẹ kán omi ẹyọ kan sí ibi tó fara sin, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì. Bí omi náà bá dúró lórí rẹ̀ tí kò wọlé, awọ tí wọ́n fi ọ̀dà bò ni, irú èyí ló sì pọ̀ jù nínú mọ́tò òde òní. Bí omi bá rin wọlé tí ojú ibẹ̀ sì ṣú, awọ tí kò ní ọ̀dà ni: ó rọ̀, ó wọ́n, ó sì máa ń tètè gba àbàwọ́n. Ní ti awọ tí wọ́n ha lójú títí ó fi ní irun wẹ́wẹ́, àti Alcantara tí kì í ṣe awọ rárá, ẹ má fi ìpara kankan kàn wọ́n. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni tiwọn.

Ohun tí ojú ọjọ́ Bìní ń ṣe sí awọ

Iṣẹ́ awọ kì í ṣe àjèjì ní Bìní. Àwọn ẹgbẹ́ Isekpokin ló ń ṣe abẹ̀bẹ̀ awọ tí wọ́n ń pè ní ezuzu àti àpótí ekpokin fún ààfin Ọba láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n awọ mọ́tò yàtọ̀ sí awọ ìbílẹ̀. Iyọ̀ chromium ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fi ṣe é kó má bàa jẹrà. Wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á sì fi polyurethane fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú. Polyurethane yẹn ni ọwọ́ yín ń kàn. Epo tí a bá dà lé e kò ní ríbi wọ̀ dáadáa. Òkè ni yóò jókòó sí.

Ìdí nìyí tí eruku fi jẹ́ ọ̀tá síìtì ju ọyẹ́ lọ. Erùpẹ̀ pupa tó ń wọlé láti ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà ní iyanrìn nínú, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì jókòó tàbí dìde, iyanrìn náà ń ha ọ̀dà ojú awọ. Òógùn àti ìpara tí a fi pa ara máa ń wọ ibi tí ọwọ́ àti orí ń sinmi lé, wọ́n á sì sọ ọ̀dà ibẹ̀ di rírọ̀. Oòrùn tó ń gba gíláàsì iwájú wọlé ń ṣe tirẹ̀: ooru inú mọ́tò tí wọ́n páàkì sí gbangba lè kọjá 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọ̀ síìtì á máa ṣí, ojú rẹ̀ á sì máa gan.

Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, òjò ni. Mọ́tò tí wọ́n tì pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lásìkò yìí, síìtì rẹ̀ lè bu, kí ojú rẹ̀ funfun tótòtó. Ìpara tó kún fún epo ewéko tàbí ọ̀rá ẹran ń bọ́ ohun tó ń mú kó bu ni.

Ohun tí ẹ máa wá lára ìgò

Fún awọ tí wọ́n fi ọ̀dà bò, ìpara olómi tó ṣàn bíi mílíìkì ni kí ẹ rà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ̀rọ̀ sára ìgò, ẹ wá àwọn wọ̀nyí:

1. "Water-based": omi ni wọ́n fi pò ó.
2. "pH balanced": ìwọ̀n pH awọ máa ń wà láàárín 3 sí 5, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ ìfọṣọ máa ń tó 9 sí 10. Ohun tó jìnnà bẹ́ẹ̀ sí ti awọ ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀.
3. "Non-greasy" tàbí "matte finish": kò ní fi ọ̀rá sílẹ̀, kò sì ní dán.
4. "UV protection": ó ń bá awọ gba oòrùn sára. Ní ìlú wa, ẹ má fi èyí ṣeré.
5. "Automotive leather": ti mọ́tò ni, kì í ṣe ti bàtà tàbí ti gàárì ẹṣin.

Lexol àti Meguiar's ní irú ìpara bẹ́ẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kàwé ara ìgò, torí pé Lexol kan wà fún fífọ̀, òmíràn sì wà fún pípa, bẹ́ẹ̀ ni Armor All tí wọ́n ṣe fún dáṣíbọọ̀dù àti rọ́bà kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún awọ. Ìpara tó ki gan-an, irú Leather Honey, awọ tí omi ń wọ̀ ló bá mu jù. Lórí awọ ọlọ́dà, òkè ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò dúró sí.

Bí ẹ bá rí "petroleum distillates" tàbí "silicone" níwájú níwájú nínú àwọn èròjà rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan ìdán táyà pa síìtì yín. Ìpara bàtà á ba aṣọ yín jẹ́. Vaseline, adín àgbọn àti epo ólífì á gba eruku, adín àti epo ólífì á sì tún máa kan tó bá yá. Kẹrosíìnì, pẹtiróòlù àti tínà ń bó ọ̀dà. Omo, Hypo àti ọṣẹ dúdú ti le jù fún awọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, yálà ní Uwelu tàbí ní ibòmíràn, ẹ wò ó bóyá ìdérí ìgò náà ṣì wà ní títì, torí àwọn kan máa ń ro ayédèrú sínú ìgò àlòkù. Ẹ mì ín: bí omi àti ọ̀rá rẹ̀ bá ti pínyà tí wọn kò pa pọ̀ mọ́, ó ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ tọ́ ọ wò, ẹ fi ìka méjì ra á. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kò yẹ kí ọwọ́ yín ṣì máa yọ̀, kò sì yẹ kó máa rùn bíi kẹrosíìnì.

Bí ẹ ó ṣe pa á

Ẹ má pa ìpara lé ìdọ̀tí. Ẹ kọ́kọ́ fa eruku kúrò, pàápàá lójú ìrán. Ẹ wá bu ohun ìfọwọ, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún fífọ awọ, sórí aṣọ tàbí búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ẹ rọra fọ̀ ọ́ ní ìpín ìpín, kí ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ ti fún nù ún. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò lábẹ́ ibòji títí síìtì yóò fi gbẹ.

Ẹ dán ìpara náà wò sí abẹ́ síìtì, kí ẹ sùn mọ́ ọn. Bí àwọ̀ ibẹ̀ kò bá yí padà lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ yá. Ìwọ̀n ṣíbí tíì kan tó síìtì kan. Orí aṣọ ni kí ẹ bu ú sí, kì í ṣe orí awọ, pàápàá bí síìtì náà bá ní ihò wẹ́wẹ́, torí ìpara á dí ihò náà, fáànù tàbí wáyà sì lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ wá fi aṣọ funfun tó gbẹ nù ún dáadáa. Bí aṣọ náà bá ń yọ̀ lórí síìtì, ẹ ti pa á jù. Ẹ má fi léèsì funfun jókòó lé e lọ́jọ́ náà.

Ìpara kò gbọ̀dọ̀ kan pẹ́dáàlì, ẹ má sì jẹ́ kí sítíárì máa yọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má rin ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ síìtì tí èébàgì wà nínú rẹ̀.

Ìgbà tó yẹ

Ní ìgbà ẹ̀rùn, ẹ fọ síìtì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, torí eruku. Ìpara ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún tó: ní oṣù kọkànlá kí ọyẹ́ tó dé, ní ìparí oṣù kejì nígbà tí ọyẹ́ bá kásẹ̀ ńlẹ̀, àti lẹ́ẹ̀kan láàárín òjò, lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹni tó ń pa á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ń to ọ̀rá jọ ni. Lásìkò òjò, ẹ máa tan ẹ̀rọ amúlétutù mọ́tò, torí ó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Bí síìtì bá bu, ìta gbangba ni kí ẹ ti gbọn funfun ojú rẹ̀ nù, kí ẹ fi ohun ìfọwọ fọ̀ ọ́, kó sì gbẹ dénú kí ẹ tó ronú kan ìpara.

Ohun tí ìpara kò lè ṣe

Síìtì tó ti sán, ìpara kò lè dí i. Ọ̀dà ojú rẹ̀ ló já, ó ń fẹ́ ohun tí wọ́n á fi dí i àti ọ̀dà tuntun, tàbí kí aránsíìtì gé ibẹ̀ kúrò kó rán òmíràn sí i. Ìgò tó bá ṣèlérí pé òun á mú ìsán kúrò ní pípa ẹyọ kan, irọ́ ló ń pa.

Bí owó bá mọ níwọ̀n, bí ẹ ó ṣe rà á rèé: ohun ìfọwọ ni àkọ́kọ́, ìbòòrùn gíláàsì iwájú ni ìkejì, ìpara ni ìkẹta. Síìtì tó mọ́, tí oòrùn kò sì rí, yóò pẹ́ ju èyí tí wọ́n ń fi ìpara olówó ńlá pa lórí ìdọ̀tí lọ.