Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Apọ́nkè lórí Ìrìn Ọjọ́ Kan ní Góńgó Franconia

Ọ̀nà Appalachian, èyí tí Benton MacKaye dábàá rẹ̀ ní ọdún 1921 tí a sì là dé òpin ní ọdún 1937, bẹ̀rẹ̀ láti òkè Springer ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ó la ìpínlẹ̀ 14 kọjá, ó sì parí sí orí òkè Katahdin ní Maine, nǹkan bíi kìlómítà 3,500. Àwọn kan a máa rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan náà láàárín oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gé e rìn ni ìmọ̀ràn yìí wà fún, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ àti ọmọ títọ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè mú ju ìpín kan lọ lọ́jọ́ kan, tí wọ́n á sì tún padà wá mú òmíràn. Lójú àwọn àgbà apọ́nkè, àǹfààní tó ga jù tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ni pé kò sí ìpín tó di dandan kí ó parí ní ọjọ́ tí ó dáwọ́ lé e. Síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà lo àǹfààní yìí, nítorí pé wọ́n ti wakọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọn kò sì fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo.

Góńgó Franconia ní New Hampshire, ìyẹn orí òkè gbọọrọ tó so Little Haystack, òkè Lincoln àti òkè Lafayette pọ̀, tí Ọ̀nà Appalachian sì gbà kọjá, ni ibi tí èyí ti hàn jù. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín lọ́jọ́ kan a máa gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ Falling Waters gòkè, a sì máa gba Greenleaf àti Old Bridle Path sọ̀ kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tó kìlómítà 14. Kò yẹ kí a yí ètò yìí padà láìnídìí, nítorí pé àpáta ẹ̀bá omi ní Falling Waters a máa yọ̀, ó sì rọrùn fún ẹsẹ̀ tó ń gòkè láti di irú àpáta bẹ́ẹ̀ mú ju ẹsẹ̀ tó ń sọ̀ lọ.

Kìlómítà nìkan kọ́ ni a fi ń wọn ọjọ́ lórí òkè. Ìlànà tí William Naismith, ará Scotland, fi lélẹ̀ ní ọdún 1892 ni pé kí a ka wákàtí 1 fún nǹkan bíi kìlómítà 5, kí a sì fi wákàtí 1 kún un fún bíi mítà 600 kọ̀ọ̀kan tí a bá gùn. Níwọ̀n bí ìrìn Franconia ti ń gbéni gòkè tó bíi mítà 1,170, ìṣirò yìí yóò fúnni ní wákàtí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 5 láìsí ìsinmi. Òkúta ibẹ̀ kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀. Wákàtí 7 sí 8 ló bọ́gbọ́n mu láti kà, pàápàá nítorí ìsọ̀kalẹ̀ tó ń fìyà jẹ orúnkún.

Little Haystack ni apọ́nkè ti ń kọjá ààlà igi, èyí tí í ṣe ibi tí òtútù àti ìjì kò ti jẹ́ kí igi lè ga mọ́. Láti ibẹ̀ dé Lafayette, kìlómítà 2.7, kò sí igi tí a lè sá sí abẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kankan tó sọ̀ kúrò lórí góńgó náà. Nítorí náà, ibẹ̀ ni kí a ti dá ẹjọ́ ọjọ́ náà: kí a dúró lábẹ́ àwọn igi kúkúrú tó kẹ́yìn, kí a jẹun, kí a wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù kí òtútù tó múni, kí a wá wo aago àti ojú ọ̀run. Bí àrá bá ń sán, bí kùrukùrù bá ti bo àwọn òkìtì òkúta tó ń tọ́ni sọ́nà, tàbí bí ìjì bá ń taari ènìyàn, kí a padà. Òótọ́ ni pé ìpadà náà yóò gba orí àpáta yíyọ̀ tí a ti kìlọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n àpáta tútù lábẹ́ igi sàn ju mànàmáná lórí góńgó gbalasa lọ. Ilé ni kí a sì ti yan wákàtí tí a óò padà bí a kò bá tíì dé ibi báyìí, torí pé ẹni tó ti rẹ̀, tí ṣóńṣó òkè sì ń pè é, kì í dá ẹjọ́ náà bó ti yẹ.

Òtútù ni ọ̀dọ́ tó dàgbà ní ilẹ̀ olóoru kì í kà sí, àgàgà nínú oṣù keje. Afẹ́fẹ́ a máa fi nǹkan bíi ìwọ̀n 6 Celsius tutù sí i fún mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan tí a bá gòkè, ìjì á sì tún gba nínú ooru tó ṣẹ́ kù lára. Lórí òkè Washington, tí a ń rí láti Franconia bí ojú ọ̀run bá mọ́, ni a ti wọn ìjì tó ń sáré kìlómítà 372 ní wákàtí kan ní oṣù kẹrin ọdún 1934. Aṣọ òwú tí òógùn tàbí òjò bá ti rin kì í tètè gbẹ, a sì máa fa ooru ara jáde. Bí ènìyàn bá ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè so okùn bàtà, ara rẹ̀ ti ń pàdánù ooru ju èyí tó ń pèsè lọ, èyí sì lè pani láìsí yìnyín rárá. Aṣọ irun àgùntàn, ẹ̀wù òjò, fìlà, ìbọ̀wọ́ àti tọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wà nínú àpò, àti máàpù orí ìwé pẹ̀lú, nítorí pé òtútù a máa tètè mú agbára bátìrì fóònù lọ.

Àmì ọ̀dà funfun tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 tó sì gùn ní 15 ni a fi ń mọ Ọ̀nà Appalachian, méjì lórí ara wọn sì ń sọ pé ọ̀nà fẹ́ yà. Lórí Lafayette, ẹni tó bá ń tẹ̀lé funfun náà láìronú yóò bá a lọ sí ìhà òkè Garfield, yóò sì máa jìnnà sí ọkọ̀ rẹ̀; ìwọ̀-oòrùn ni kí ó yà sí, lọ sí ilé ìsinmi Greenleaf, tí í ṣe ti Appalachian Mountain Club, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1876. Kí ẹsẹ̀ má sì kúrò lórí òkúta, nítorí ewéko kéékèèké orí góńgó yìí kì í tètè hù padà bí a bá tẹ̀ ẹ́.

Kí ó tó kúrò nílé, kí ọ̀dọ́ apọ́nkè sọ ọ̀nà tí yóò gbà fún ẹnì kan, àti wákàtí tí ẹni náà yóò ké sí àwọn agbófinró bí kò bá gbúròó rẹ̀. Òfin New Hampshire fún ìjọba ìpínlẹ̀ náà láyè láti gba owó ìgbàlà lọ́wọ́ ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ bá fà á tí wọ́n fi gòkè lọ wá a.